Àjọkẹ́, Má Tíì Lé Wọn

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, ẹkún kò jẹ́ kí o lè rò ó tán, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí ní ìdájí. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ tí o jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ká àgùnbánirọ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn kíláàsì, wọ́n gbá a létí, wọ́n fi abẹ ya táyà ọ̀kadà rẹ̀, torí pé ó gba fóònù tí wọ́n fi ń jíwèé wò lọ́wọ́ wọn. O ní o fẹ́ lé gbogbo wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Jọ̀wọ́, dáwọ́ dúró díẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ bójú tó. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ìjọba ló gbé e wá síbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Bí o kò bá tíì mú un lọ sí ọsibítù, mú un lọ lónìí, kí o sì fi tó àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní NYSC létí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ rí. Ní 1986, nígbà tí mo jẹ́ igbákejì pírínsípà ní abúlé kan, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá bá mi, wọ́n ní ó jí iṣu mẹ́ta wa lóko ilé ẹ̀kọ́. N kò bi í ní nǹkan kan. Mo nà án ní pàṣán méjìlá lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Kò sunkún. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó fi sápò. Láti ọjọ́ náà, kò wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo lọ ra gàárì lọ́jà. Obìnrin tó ń tà á kúnlẹ̀ kí mi, ó wọn kóńgò méjì, ó sì bu èènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kóńgò lé e. Mo ti dé ilé kí ẹnìkan tó sọ fún mi pé ìyá ọmọ yẹn ni, pé opó ni, àti pé ọmọ náà ti di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ n'Íbàdàn. Ó jalè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo bi í pé ta ló fẹ́ jẹ iṣu náà, ọwọ́ mi ì bá rọ̀.

Torí náà, pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ni fóònù? Ta ló sanwó? O ní àwọn òbí kan ti ń dáwó jọ kí ìdánwò lè rọrùn fún ọmọ wọn. Àjọkẹ́, ibẹ̀ ni àrùn náà wà! Ọmọ tó mọ̀ pé bàbá òun ti ra ìdáhùn sílẹ̀, lójú tirẹ̀, olùkọ́ tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ló jalè.

Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá jókòó, ka òfin ìdánwò ti 1999 sí wọn létí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó bá jíwèé wò lè san ìtanràn N100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí méjèèjì. Pírínsípà tàbí olùkọ́ tó bá lọ́wọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ọdún 4 gbáko, kò sí pé ó fẹ́ sanwó dípò rẹ̀.

Ọmọ Baálẹ̀ wà nínú wọn. Lọ kúnlẹ̀ kí bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Wọn yóò bẹ̀ ọ́. Gba ẹ̀bẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìyà tí o bá fi jẹ àwọn yòókù, òun gan-an ni kí o fi jẹ ọmọ Baálẹ̀. Kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n gba oko ro ní Sátidé títí owó táyà yóò fi pé. Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ bẹ àgùnbánirọ̀ náà, bí òun bá fẹ́ rí wọn sójú. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n padà wá ṣe WAEC wọn, láìsí fóònù.

Mò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Sún ìpàdé òbí àti olùkọ́ náà di ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí, n kò ní sọ̀rọ̀ àfi bí o bá bojú wẹ̀yìn wò mí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.