Wàláà, Rúlà àti Òwú: Ayọ̀ Tó Wà Nínú Ìlà Fífà

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí Ọlọ́hun kó wá sí ilẹ̀ Háúsá, ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àlùwàlá tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ rúlà àti pẹ́nsù ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jìnnà sí ilé kéú rárá.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní àṣìṣe kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún 2019, ọmọkùnrin kan wà nínú kéú mi níbí ní Kánò, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í tètè há nǹkan sórí. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ka súrà dé ìdajì, òun ṣì ń wá ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí wàláà rẹ̀ kì í ṣófo: ìlà lórí ìlà, igun lórí igun, bí ẹni ń hun ẹní. Mo bá a wí títí. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo gba wàláà náà, mo fọ̀ ọ́ nù lójú gbogbo ọmọ kéú, mo ní eré ló ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣe. Ọmọ náà kò sunkún. Kò kàn wá mọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, ẹ má bínú, ọmọ yín ní òun ò lọ kéú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe." Ó na ìwé kan sí mi. Ọnà ló kún inú rẹ̀ láti èèpo dé èèpo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé fìlà ni mo ń tà. Lórí tábìlì tí mo gbé ìwé yẹn lé, fìlà méjìlá wà níbẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ màlámù tó ń bá mi ṣe é. Kí màlámù yẹn tó ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, pẹ́nsù ló kọ́kọ́ fi ń fa ọnà sí i. Mo ń sanwó ìlà fún un lọ́sàn-án, mo wá ń lé ọmọ nítorí ìlà lálẹ́. Ojú tì mí níwájú obìnrin náà.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé a kò kọ àwòrán fún wa ni? Ohun tó ní ẹ̀mí, ènìyàn àti ẹranko, ni ọ̀rọ̀ náà le sí. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ọkùnrin kan tó ń fi àwòrán yíyà jẹun tọ Ibn Abbas lọ. Èsì tó gbà ni pé bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹ wo bí ilẹ̀kùn yẹn ti fẹ̀ tó: ewé, òdòdó, ìràwọ̀, okùn tó lọ́ mọ́ra. Ẹni tó bá rí àwòrán ògiri ààfin Alhambra ní Granada, ilẹ̀ Sípéènì, yóò mọ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe rìn jìnnà tó nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ pe àwọn ọmọ, kí a jọ ṣe é. Kọ́ńpáàsì ni a nílò. Bí kò bá sí, òwú tí a so mọ́ pẹ́nsù ní apá kan àti ìṣó kékeré ní apá kejì tó. Ẹ fi ya òbìrí kan. Ẹ má yí bí ẹnu kọ́ńpáàsì ti là padà o! Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mú sí ibikíbi lórí etí òbìrí náà, kí pẹ́nsù sàmì sí ibi tó bá kan etí níwájú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sórí àmì yẹn, kí ẹ tún sàmì. Bí ẹ bá ṣe é yípo, ìkẹfà yóò bọ́ gan-an sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní dín, kò ní lé. Bí ó bá yẹ̀, ọwọ́ ló gbọ̀n tàbí ẹnu kọ́ńpáàsì ló sún. Wàyí o, ẹ dúró lórí àmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ láti etí gba àárín dé etí kejì. Òdòdó oníewé mẹ́fà ló máa jáde. Mo ti fi han àgbàlagbà tó ń ta páànù, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Èyí tó kàn ni dagi, kókó okùn tí ẹ ń rí ní àyà bàbáńrígà àti lára ògiri ilé àwọn Háúsá. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: okùn tó bá gba orí níhìn-ín, abẹ́ ni kó gbà níbi tó tún ti pàdé òmíràn. Ọmọ tó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ dàrú. Sùúrù tí mo ń fi pàṣán wá lára àwọn ọmọ fún ọdún púpọ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Bákan náà ni lẹ́tà kíkọ. Ibn Muqla, tó jẹ́ mínísítà ní Bàgìdádì tó sì kú ní ọdún 940, ló gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún un: ẹ tẹ kálámù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì tó fi lélẹ̀ ni òṣùwọ̀n, iye àmì bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ gíga álífù, álífù ni a sì fi ń mọ ti lẹ́tà yòókù. Nítorí náà ẹ má ra gègé olówó ńlá. Pòpórò ọkà bàbà tí a gé ẹnu rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó. Tàdáwà náà, ìdúdú ìdí ìkòkò tí a sẹ́ dáadáa, oje igi tí àwọn Háúsá ń pè ní karo, àti omi díẹ̀díẹ̀. Bí karo bá kéré, yóò máa dọ̀tí ọwọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní ṣàn. Aṣọ funfun kọ́ ni kí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti aláìní. Ànábì Dáúdà, ọba ni, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Àlùkùránì sọ pé Ọlọ́hun rọ irin fún un láti fi ṣe ẹ̀wù ogun. Ní Ìlọrin wa, àwọn ìyá ní Dada ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin wa tí a bí síhìn-ín ló ti fọwọ́ kan amọ̀ rí? Ike ni a ń rà fún wọn.

Mo lọ sí ilé ọmọ náà ní alẹ́ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kí àlùfáà má bẹ ọmọdé, mo ní ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó wá kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń ṣe etí wàláà, irú èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní zayyana, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sí wàláà ọmọ tó bá parí Àlùkùránì. Ó bèèrè pé, "Àlùfáà, ẹ ò ní fọ̀ ọ́?" Mo ní n kò ní fọ̀ ọ́. Ó padà wá. Títí di òní kò yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nínú kíkà, ṣùgbọ́n kò tún pa kéú jẹ, ẹsẹ kan tí ó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kì í tètè bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà wàlímọ̀ tó kọjá, òun ló ṣe ẹ̀ṣọ́ wàláà mẹ́ta, mo sì sanwó fún un bí mo ti ń san fún màlámù onífìlà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti ka tiwọn tán, a ó máa ṣe èyí ní àgbàlá kéú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú rúlà, pẹ́nsù àti òwú wá. Àwọn ìyá tó mọ amọ̀ mọ tàbí ẹní hun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá sílẹ̀.