Pírǹtà Onírìbọ́ọ̀nù àti Kọ̀ǹpútà Tuntun

Akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún jùlọ, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó ìfipamọ́ náà kò ní pàdánù bí ó bá kà á.

Ẹgbẹ́ kan ní Ṣógúnlé ra kọ̀ǹpútà tuntun nígbà tí èyí tí wọ́n ń lò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì, wọn kò rí ihò tí wọn yóò ti okùn pírǹtà bọ̀. Akápò ní kí wọ́n ta pírǹtà náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Akọ̀wé ní kí wọ́n mú sùúrù ná. Akọ̀wé ló jàre.

Pírǹtà yìí, tí wọ́n ń pè ní dot matrix, ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lu rìbọ́ọ̀nù mọ́ ìwé ni. Nítorí pé ó ń lu ìwé, ohun tó kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ yóò hàn lára èkejì àti ẹ̀kẹta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ mú ọ̀kan, akápò mú ọ̀kan, ọ̀kan wà nílẹ̀ de aṣàyẹ̀wò owó. Bí ẹnìkan bá yí iye owó padà lára tirẹ̀, méjì tó kù yóò tú u fó. Pírǹtà oníǹkì àti ti lésà kì í lu ìwé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ ẹ̀dà tiwọn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe màgòmágó lè tẹ òmíràn.

Ilé-iṣẹ́ Centronics ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ irú okùn yìí ní 1970. Ẹnu rẹ̀ tó wọ pírǹtà ní ojú irin 36. Èyí tó wọ kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 ní 25. Wáyà 8 ń gbé lẹ́tà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn sì wà tí pírǹtà fi ń sọ pé ọwọ́ òun dí. USB, tó jáde ní 1996, ń rán tirẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn. Nítorí náà, ó ní láti ní ògbufọ̀ láàárín wọn.

Okùn kan wà tó ní USB ní ẹnu kan, ojú irin 36 ní ẹnu kejì, ògbufọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ pa pírǹtà kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, USB001 ni Windows yóò pè é, kì í ṣe LPT1. Ẹ yan USB001 nínú ètò pírǹtà.

Ibí yìí ni wàhálà wà. Ètò ìṣirò owó mìíràn kò mọ̀ ju LPT1 lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ́ OFIISI, ẹ ṣí pírǹtà fún àjọlò lórúkọ RISIITI, kí ẹ sì kọ èyí sínú Command Prompt:

net use LPT1: \\OFIISI\RISIITI /persistent:yes

Bí ètò náà bá jẹ́ ti ayé DOS gan-an, Windows oní-64-bit kò ní ṣí i, okùn yòówù tí ẹ ìbáà rà. Bí ó bá sì ní kọ́kọ́rọ́ ààbò tí a ń kì bọ ihò 25, okùn USB yìí kò wúlò fún un, nítorí iṣẹ́ pírǹtà nìkan ló mọ̀. Káàdì PCI Express tó ní ihò náà ni kí ẹ wá, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló sì ń gbà á, kì í ṣe alágbèéká.

Ní Ṣógúnlé, okùn USB tó wọn. Rìsíìtì ti ń jáde ní mẹ́ta mẹ́ta. Rìbọ́ọ̀nù ló ṣá, akápò sì ti fọwọ́ sí owó tuntun.