Ilé Tí Ó Bá Ilẹ̀ Àti Ẹni Inú Rẹ̀ Mu

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ wa, púpọ̀ nínú yín ni ó ń gbèrò láti kọ́lé fún àwọn àgbà yín ní Ìjàn-Èkìtì. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: ta ni yóò gbé inú ilé náà, irú ibo ni yóò sì dúró sí?

Àwọn baba wa mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Nínú agbo ilé àtijọ́, àwọn yàrá a máa yí àgbàlá ká, òrùlé wọn a sì dà sí àárín. Láti àgbàlá yìí ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ibẹ̀ náà ni a ti ń gbe omi òjò sínú ìkòkò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí láti gba àlejò. Ìpele-ìpele ni a ń mọ ògiri amọ̀, ìpele kan yóò sì gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Nítorí pé ó nípọn, oòrùn ọ̀sán kì í tètè wọ inú yàrá. Ewé àti koríko kì í gbóná bíi páànù, ṣùgbọ́n iná a máa jó wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi amọ̀ tẹ́ àjà sókè yàrá.

Ẹwà ilé pàápàá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni inú rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ọba náà fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó ń gba òyìnbó lálejò. Ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọgbọ́n yìí ti di ti àtijọ́. Ní ọdún 2001, Francis Kéré kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí Gando, abúlé rẹ̀ ní Burkina Faso. Amọ̀ tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Wọ́n sì gbé páànù ga kúrò lórí àjà kí ooru lè ráyè jáde. Ní ọdún 2022, ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tí ó lókìkí jù lọ fún àwọn ayàwòrán-ilé lágbàáyé.

A kò sọ pé kí a padà sí ilé koríko. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé yín kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa gba ojú fèrèsé wọlé. Kí fèrèsé méjì kọjú síra nínú yàrá, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ já nígbà tí kò bá sí iná mànàmáná. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí òjò má bàa na ògiri.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ rántí ẹni tí yóò gbé ibẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè wu ojú ẹni tí ń kọjá, ṣùgbọ́n kí ni ìyá tí orúnkún ń dùn yóò fi àtẹ̀gùn ṣe? Ìsàlẹ̀ ni yóò máa sùn, òkè yóò sì di ilé aláǹgbá. Yàrá tí ó súnmọ́ balùwẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ̀, àti ibi ìdáná tí èéfín ti ń rí ọ̀nà jáde yóò tù ú lára ju òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

Nínú òwe Jésù Olúwa wa, àwọn ọkùnrin méjèèjì ni ó kọ́lé. Ọlọ́gbọ́n ni ó wo ibi tí yóò kọ́ ọ sí. Kí ẹ tó san owó ayàwòrán-ilé, ẹ lọ jókòó ti ìyá yín, kí ẹ sì bi í léèrè bí ó ti ń lo ọjọ́ rẹ̀.