Omi Ló Ń Dá Ọjọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun sọ̀kalẹ̀ lórí odò Hudson ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Nílé wa, a máa ń wúre pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Hudson ń bojú wẹ̀yìn. Bí òkun bá kún ní New York, á ti omi odò náà padà sókè títí dé dáàmù Troy, nǹkan bíi kìlómítà 245 sí ẹnu òkun. Bí òkun bá fà, odò á tún máa ṣàn wálẹ̀. Bíi wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ló fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ṣíkọ̀ nígbà tí omi ń gòkè, epo ni yóò máa jó, ọ̀nà ò ní tán. Torí náà, kí ẹ tó tú okùn, ẹ jọ gbà pé omi ló ń dá ọjọ́. Ẹ má bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ṣèlérí pé aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé lẹ ó gúnlẹ̀. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ló ń mú kéèyàn ṣíkọ̀ nígbà tí òjò ti ṣú.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà omi Erie, tí wọ́n ṣí ní 1825, lẹ gbà wọ odò, àwọn afárá ibẹ̀ kò ga. Dídùbúlẹ̀ ni òpó ìgbòkun yóò wà lórí ọkọ̀. Bí ẹ bá dé ìlú Catskill létí odò, ẹ lè ní kí wọ́n bá yín gbé e nàró. Ẹ fara balẹ̀ yẹ okùn rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni West Point. Odò ṣẹ́rí níbẹ̀ lójijì, ó jìn ju mítà 50 lọ, atẹ́gùn orí òkè sì ń yí bó ṣe wù ú. Ní 1778, nígbà ogun òmìnira, àwọn ará Amẹ́ríkà na ẹ̀wọ̀n irin ńlá dábùú odò níbẹ̀ láti dínà mọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, torí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ìgbòkun kò lè sáré gba kọ́nà yẹn. Ẹ ká ìgbòkun, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ẹ yà fún un; kò lè tètè dúró.

Ìyàwó, gba ìtọ́kọ̀. Ọkọ, lọ di okùn mú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pààrọ̀. Bí ẹnì kan bá já sómi, ẹnì kejì ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀ padà wá gbé e. Bí ẹ bá ń sún mọ́ èbúté, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú nìkan ni kó pàṣẹ. Ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá so okùn tán.

Òfin kan ni mo fi lélẹ̀ láàárín yín: ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí ẹ dúró, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló borí. Ẹnikẹ́ni má pè é ní ojo. Ẹ ya owó èbúté sọ́tọ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ Newburgh ni afẹ́fẹ́ dá yín dúró sí, ẹ wọ̀lú, ẹ jẹun, ẹ wo ilé tí George Washington fi ṣe ibùdó ogun ní 1782. Bó pẹ́ bó yá, ẹ ó dé New York. Kí ẹ jọ débẹ̀ ni mo ń wí.