Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Ra Sẹ́ńsọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí síkáànù sì dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì forí lé ọjà Ládípọ̀ lọ ra tuntun. Síkáànù kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé ìròyìn tó ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn bọ̀ kò bójú mu, wáyà ló sì ń gbé ìròyìn náà.

Àìmọ̀ yìí ná mi lówó. Ọkọ̀ mi ń jẹ epo, èéfín dúdú ń tú jáde, fáànù rédíétọ̀ kò sinmi. Síkáànù gbé P0118 jáde: sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra sẹ́ńsọ̀ kí réwáyà kan tó rọra fa wáyà tó wọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ló bá yọ sí i lọ́wọ́. Fóòtì 5 ni bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń fi sí ojú wáyà yẹn. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni fóòtì ń wálẹ̀. Wáyà tó bá ti já, fóòtì rẹ̀ kì í wálẹ̀ mọ́. Ni bréènì bọ́ọ̀sì bá gbà pé òtútù omi náà ti dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, nínú oòrùn Èkó! Ló bá ń da epo sí i.

Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí wáyà ni ọ̀pọ̀ ń fà dípò kí wọ́n tẹ ike tó gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì mú. Eku náà ń jẹ wáyà. Wáyà sẹ́ńsọ̀ bíréèkì ABS lẹ́bàá táyà máa ń já níbi tó ti ń ká sọ́tùn-ún sósì. Nígbà mìíràn, ara wáyà á dán, bàbà inú rẹ̀ á sì ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ rọra mi wáyà, kí ọwọ́ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ ti rí ibi tó ti bàjẹ́.

Ẹ má gbà kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ gún wáyà láti dán an wò. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni omi yóò gbà wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ gé wáyà sẹ́yìn títí tí bàbà tó ń dán yóò fi yọjú, ẹ lo wáyà tó nípọn bákan náà, ẹ kọ́kọ́ ki rọ́bà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án sára wáyà, kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Bí wáyà tó já bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má ṣe é kí ojú ìsopọ̀ wọn wà légbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lílọ́ wáyà mọ́ra ká fi téèpù wé e kì í pẹ́: ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà ara sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Púpọ̀ nínú wọn ń gba inú wáyà fa atẹ́gùn ìta, lẹ́ẹ̀dì á sì dí i. Wáyà yẹ́lò ti airbag ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó mọṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ṣe é, torí àpò náà lè bú gbàù sí yín lójú.

Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ bá ti fọ́, ẹ ní kí òntajà gé ti tòkunbọ̀ fún yín, kí wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ sọ fún un kó tó gé e.