Òòfà Inú Iyanrìn Wa



Bí òjò ńlá bá dá ní Ayébọ̀dé-Èkìtì, ẹ wo etí ojú àgbàrá. Ẹ ó rí iyanrìn dúdú wẹ́wẹ́ tí omi tò sílẹ̀. Ẹ fi òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ rà á. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò fò mọ́ òòfà náà. Magnetite ni àwọn onímọ̀ ń pe hóró dúdú bẹ́ẹ̀. Irin àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di í.

Kí ló fún òkúta lágbára bẹ́ẹ̀? Louis Néel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1948, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970. Ẹ rántí fífa okùn lọ́jọ́ eré ìdárayá. Átọ́mù irin kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré. Nínú magnetite, wọ́n pín sí ìhà méjì tí ń fa okùn lòdì sí ara wọn. Bí ìhà méjèèjì bá dọ́gba, okùn kò ní í kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba: nínú átọ́mù irin mẹ́ta, méjì pa agbára ara wọn rẹ́, agbára ẹ̀kẹta ló sì kù tí a ń rí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ferrimagnetic.

Ní 1930, Yogoro Kato àti Takeshi Takei ní Tokyo ṣe irú rẹ̀ kan tí à ń pè ní ferrite. Iná mànàmáná kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú irin, nítorí náà kì í tètè gbóná, kì í sì í fi agbára ṣòfò. Òun ló wà nínú ṣájà fóònù. Òun náà ni ọ̀pá dúdú tí a wé wáyà mọ́ nínú rédíò.

Ibo ni ìwádìí dé báyìí? Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud, ní Nijmegen ní ilẹ̀ Holland, fi ìmọ́lẹ̀ léésà nìkan yí ìhà tí ohun ferrimagnetic kan kọjú sí padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa fi irú ohun bẹ́ẹ̀ rántí nǹkan kíákíá, láìjẹ iná púpọ̀. Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú ń fi hóró magnetite tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ sínú kókó jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń mú un gbóná láti òde kí ó lè pa àrùn náà. Àwọn mìíràn ń fi í gbá májèlé jọ nínú omi, kí wọ́n tó fi òòfà kó o jáde. Iṣẹ́ tó kù ni kí hóró wọ̀nyí lè dọ́gba, kí wọ́n má wọ́n, kí wọ́n má sì ṣe ara níbi.

Ọ̀rọ̀ irin kò ṣàjèjì sí wa. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ Ìrè-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa, mọ́ irin láti ayébáyé. Ní Ìtakpe, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, magnetite wà nínú òkè tí a fẹ́ máa wà fún ilé iṣẹ́ irin Àjàọ̀kúta, ṣùgbọ́n ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Mósè ń ka ọrọ̀ ilẹ̀ ìlérí nínú Diutarónómì orí 8, ó ka irin mọ́ ọn. Ọlọ́run ti fún àwa náà ní òkúta. Ó ku ọmọ tó mọ ohun tí a ń fi í ṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ju rédíò tó bàjẹ́ sí ààtàn. Ẹ kó o wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ yìí, kí àwọn ọmọ tú u wò. Bí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá sì sọ pé físíìsì ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe dá a padà.

Kí Ọlọ́run tó fi irin sínú òkè bùkún ọwọ́ àwọn tí yóò wà á.