Ẹ̀KỌ́ 14: ÈÉRÚN IGI LÓRÍ EBÈ Ẹ̀FỌ́

Ẹ ka ìtàn kékeré yìí, kí ẹ sì jíròrò lórí rẹ̀.

Ọ̀sán ni, ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá àgbà kan wá wo ọgbà ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí èérún igi tó bo gbogbo ilẹ̀ ebè tòmátì kan. Inú rẹ̀ kò dùn.

— Ìyàwó, kí lo dà sílẹ̀ yìí? Ṣé ọkọ́ rẹ ti kán ni?

— Ẹ káàsán, Ìyá. Ọkọ́ kò kán. Omi ni mò ń fi èérún igi pa mọ́.

— Oko ọ̀lẹ la máa ń bá pàǹtí. Àwọn tó ń kọjá yóò ní ìyàwó ọmọ mi kò mọ oko ro.

— Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ wò ó, ebè méjì ni mo ṣe. Ọ̀kan ní èérún igi, èkejì kò ní. Omi tí mo bu sí ọ̀kan náà ni mo bu sí èkejì láàárọ̀ àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ méjèèjì.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìka bọ ilẹ̀ ebè kìíní: ó gbẹ, ó sì gbóná. Ó ká èérún igi kúrò lórí ebè kejì, ó ti ìka bọ ọ́: ó tutù.

— Háà! Èyí ṣì ní omi nínú.

— Ìyá, nítorí ọmọ yín ni mo ṣe ṣe é. Òun ló ń bá mi fa omi kànga kó tó lọ sí ilé ìwé, ó sì ń pẹ́ dé ibẹ̀. Bí omi bá dúró pẹ́ nínú ilẹ̀, a ó lè fo ọjọ́ kan ká tó tún bu omi.

— Ó dára. Fi ebè kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjà mẹ́ta. A ó jọ wò ó.

KÍ LÓ DÉ TÍ A FI Ń BO ILẸ̀?

Ẹ wo inú igbó. Kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ewé ń já, ẹ̀ka ń ṣẹ́, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹrà. Bí a bá ká ewé wọ̀nyẹn kúrò, a ó rí i pé ilẹ̀ abẹ́ wọn dúdú, ó tutù, ekòló sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọgbà tí a ro mọ́ tónítóní wà ní ìhòòhò. Òòrùn ń fa omi inú rẹ̀ lọ. Òjò ńlá ń lù ú, ó ń gbá a lọ. Àwọn bàbá wa mọ èyí: ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé ewé sórí ebè iṣu lẹ́yìn tí wọ́n bá gbin iṣu tán.

Èérún igi tí a tẹ́ sórí ebè ẹ̀fọ́ ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin:

1. Kì í jẹ́ kí òòrùn àti ọyẹ́ tètè fa omi inú ilẹ̀.
2. Kì í jẹ́ kí koríko kéékèèké rí ìmọ́lẹ̀ hù. Ṣùgbọ́n kò lè borí ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wa gbòǹgbò ẹ̀kan kúrò.
3. Kì í jẹ́ kí òjò ta erùpẹ̀ sára ewé àti èso. Erùpẹ̀ yìí ń kó àìsàn ran tòmátì. Bí a bá sì ti da ìgbẹ́ ẹran sí ilẹ̀, ó lè kó àrùn inú ran ẹni tó ń jẹ tòmátì ní tútù. Síbẹ̀, ẹ máa fi omi mímọ́ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́.
4. Bí ó bá jẹrà, ó ń di oúnjẹ ilẹ̀.

IRÚ IGI WO NI KÍ A LÒ?

Ẹ̀ka kékeré dára ju ara igi ńlá lọ. Inú èèpo àti ẹ̀ka tuntun ni oúnjẹ igi pọ̀ sí jù. Ní Kẹbẹ́ẹ̀kì, ní ilẹ̀ Kánádà, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ igbó ti ń dán èyí wò. Wọ́n ní kí ẹ̀ka náà má ṣe nípọn ju sàǹtímítà 7 lọ. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pe irú èérún bẹ́ẹ̀ ní BRF.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń rún ẹ̀ka. Àwa ní àdá. Ní agbègbè Sábẹ̀ẹ́ àti Kétu, nígbà tí ẹ bá ń gé ẹ̀ka kajú kí oko lè mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe dáná sun àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ẹ gbé wọn lé orí kùkùté, kí ẹ gé wọn ní gígùn ìka ọwọ́. Ẹ tún lè lo ẹ̀ka wẹ́wẹ́ igi akasíà. Ẹ fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún ìdáná.

Ẹ tún lè bẹ káfíńtà fún pákó tó fá. Èyí tó ká bí òrùka dára. Èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun kò dára tó bẹ́ẹ̀: ó máa ń dì pọ̀, omi a sì máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń kó o, nítorí eruku igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ MÁ ṢE LO igi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, pákó tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀, tàbí igi tí wọ́n fi oògùn ikán tàbí epo mọ́tò pa. Májèlé ara wọn yóò wọ inú ilẹ̀ tí à ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà kí ẹ tó kó o.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ẹ ro ebè, kí ẹ da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa sí i.
2. Ẹ lọ́ irúgbìn sí i. Ẹ dúró títí yóò fi ga tó ìbú ọwọ́ kan.
3. Ẹ bu omi sí ilẹ̀ kó rin dáadáa. Bí ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ bò, gbígbẹ ni ẹ pa mọ́.
4. Ẹ tẹ́ èérún igi náà. Kó nípọn tó sàǹtímítà 5, èyí ni ìbú ìka mẹ́ta.
5. Ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ yí ìdí irúgbìn kọ̀ọ̀kan ká, kí ìdí rẹ̀ má bàa rà.
6. Kí ẹ tó tún bu omi, ẹ ti ìka bọ abẹ́ èérún. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Tòmátì, ata, ìgbá àti ilá ni ọ̀nà yìí bá mu. Wọ́n ń pẹ́ lórí ebè. Tẹ̀tẹ̀ tí a fọ́n kì í pẹ́, hóró rẹ̀ sì kéré: kò ní lè la èérún igi kọjá.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ ṢE É, KÓ ṢỌ́RA

ORÍ ILẸ̀ NI, KÌ Í ṢE INÚ ILẸ̀. Ẹ má ṣe fi ọkọ́ ro èérún tútù pọ̀ mọ́ erùpẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ igi náà kó tó jẹrà. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, wọ́n nílò oúnjẹ ilẹ̀ tí a ń pè ní azote, wọn yóò sì gba ti ẹ̀fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀fọ́ yóò ràn, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ ká èérún kúrò, kí ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà yí ìdí ẹ̀fọ́ ká.

IKÁN. Ikán fẹ́ràn igi gbígbẹ. Ẹ máa ṣí èérún wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Níbi tí ikán bá ti ń mọ ọ̀nà lọ sí ìdí ẹ̀fọ́, ẹ kó èérún ibẹ̀ kúrò. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ilé ikán, ẹ lo koríko díẹ̀ tàbí ewé tútù dípò igi.

ÀBÀTÀ. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí nígbà òjò kò nílò ìbora. Gbòǹgbò yóò rà.

ÀKEEKÈÉ ÀTI EJÒ. Ẹ fi igi tú èérún kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

INÁ. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe da ẹyín iná tàbí eérú gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

ÌṢIRÒ

Ebè kan fẹ̀ ní mítà 1, ó gùn ní mítà 10. Èérún rẹ̀ nípọn ní sàǹtímítà 5. Èérún náà jẹ́ lítà 500. Bí garawa wa bá ń gba lítà 20, garawa 25 la nílò. Ìdí nìyí tó fi dára kí a fi ebè kan bẹ̀rẹ̀.

Ẹ DÁHÙN

1. Kí ni ìyá àgbà ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò sọ? Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní abúlé yín?
2. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a ro èérún tútù mọ́ ilẹ̀?
3. Dárúkọ igi mẹ́ta tí kò yẹ kó wọ inú ọgbà.
4. Bí ebè bá gùn ní mítà 5 péré, garawa mélòó la nílò?

IṢẸ́ ẸGBẸ́: Ẹ ṣe ebè méjì tó dọ́gba. Ẹ bo ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ máa kọ iye garawa omi tí ẹ bu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, láti ọjọ́ ọjà dé ọjọ́ ọjà. Ní ìkórè, ẹ wọn èso ebè méjèèjì, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ojú ló ń rí, ọkàn ló ń gbàgbọ́.